Ìlà Ọjọ́bọ̀ Nínú Ìwé Ojú-Ọjọ́

Àwọn tó ń sanwó láti wá wọ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ń bẹ̀rù òjò jù láyé yìí. Mi ò parọ́ mọ́ wọn, lẹ́tà wọn kún inú kọ̀ǹpútà. "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òjò máa ń rọ̀ ní erékùṣù yín láwọn oṣù ooru?" "Ṣé ìjì ò ní bá wa lójú omi?" "Irú aṣọ wo ni ká kó bọ̀?" Ẹni tí omi máa bò mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, òun ló ń béèrè bóyá òjò máa pa òun. Ká ní èmi ni mò ń dá wọn lóhùn ni, ẹ̀fẹ̀ ni ǹ bá fi lé gbogbo wọn lọ. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà tí wọ́n fi ń mí nísàlẹ̀ omi fún mi, nítorí ẹ̀rọ kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èèyàn.

Màmá Ojú-Ọjọ́ ló ń dá wọn lóhùn. Bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn, láti orí ọ̀gá dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ kì í kúrò ní góńgó imú. Á jókòó sínú yàrá kékeré tó kọjú sí òkun, á máa fi ìka méjì tẹ kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Láwọn oṣù ooru, oòrùn máa ń ràn níbí láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn náà òjò á rọ̀, kò ní ju ìgbà tí ẹ máa fi mu ife tíì kan lọ, ojú ọjọ́ á sì tún là. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má kó aṣọ tó nípọn wá. Ìjì ńlá kì í sáábà yọjú àfi nígbà tí oṣù ooru bá ń parí lọ." Ibi tó máa ń parí ẹ̀ sí ni pé: "A ò ṣèlérí o. Ohun tí ojú wa ti ń rí là ń sọ."

Kò sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ki burọ́ọ̀ṣì bọnu, á ti rìn dé ìparí afárá onígi tó wọ inú omi. Abọ́ funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n lu láàárín, tí wọ́n so mọ́ okùn gígùn, tí wọ́n sì de òkúta mọ́ lábẹ́ kó lè rì. Mítà kọ̀ọ̀kan lára okùn náà ní kókó tirẹ̀. Á máa sọ abọ́ yẹn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa ka kókó, títí ojú ò fi ní rí abọ́ mọ́. Tó bá pòórá ní kókó kejìlá, omi mọ́ nìyẹn. Tó bá pòórá ní ìkẹrin, ká tètè sọ fáwọn àlejò pé kí wọ́n wá ìwé kà.

Lẹ́yìn náà á wo òṣùwọ̀n ooru tó wà lára ògiri, á kọ ìlà kan sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú: ooru, afẹ́fẹ́, òjò, iye kókó. Ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ìlà ni iye èèyàn tó bá ọkọ̀ lọ àti iye tó bá ọkọ̀ bọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú wọ̀n. Bí wọ́n bá ń wọkọ̀, á dúró lórí afárá, á fọwọ́ kan èjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan, á máa kà á sókè. Bí wọ́n bá dé, á tún fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí ọwọ́ ò bá tíì kàn kò tíì dé, ì báà ti wà ní balùwẹ̀ kó máa kọrin. Ẹni tó ń kà kì í ka ara rẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí kì í bá wọn lọ.

Aṣọ àwọn òmùwẹ̀ ló ń fọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé síbí, pẹ̀lú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn. Bàbá ọmọ ti bá tirẹ̀ lọ, mi ò sì gbọ́ kí Màmá bú u lẹ́ẹ̀kan rí, èyí tó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí ẹni tó ń kọ̀wé ojú ọjọ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí alágbàfọ̀ ṣì máa bá wọn mú un ná. Ó mú un fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọ yẹn dàgbà sínú omi, Ẹja là ń pè é, òun sì ni olórí àwọn tó ń mú àlejò wọ ìsàlẹ̀ òkun báyìí. Ìyá rẹ̀ ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi rí. Ó ní òun ti mọ òkun débi pé òun ò ní láti lọ kí i nílé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ooru mú bí iná. Ọjọ́ Ajé kan ló gbé ìwé ńlá náà wọ ilé ẹ̀rọ mi, ó ṣí i síwájú mi.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín nìyẹn ni?"

"Wo déètì ẹ̀."

Ti ọjọ́ kejì ni. Ooru, ọgbọ̀n. Afẹ́fẹ́, kò sí. Òjò, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kókó, mẹ́rìnlá. Mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀.

"Màmá, ẹ ti ń dàgbà. Ti àná lẹ kọ sí ti ọ̀la."

"Ti àná ló wà lókè ẹ̀ yẹn," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó ti aago. Nígbà tó di aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òjò bọ́ sórí páànù lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí èèyàn da garawa. Mo tún pa ẹ̀rọ, mo ní bóyá ariwo rẹ̀ ló ń dà mí láàmú, àmọ́ òjò ni.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń bá ìlà ọjọ́ kejì nílẹ̀ láràárọ̀. Ó kó bírò pa mọ́, ó bá a nílẹ̀. Ó ti ìwé mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó bá a nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fi bírò pupa fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ òjò. Oòrùn ràn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èmi náà ti ń pariwo pé, "Màmá, ẹ ti borí ẹ̀." Mi ò tíì pa ẹnu dé tí òjò fi rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, orí òrùlé yàrá rẹ̀ nìkan ló sì rọ̀ sí. Lọ́jọ́ mìíràn ìlà ní òṣùwọ̀n ooru máa fọ́. Ó yọ ọ́ lára ògiri, ó fi aṣọ wé e, ó tọ́jú ẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó tú aṣọ náà nírọ̀lẹ́, ó ti di wẹ́wẹ́. Ohun tí ìlà bá ti sọ, ọjọ́ kì í parí kó máà ṣe é.

Òkun náà yí padà. Afẹ́fẹ́ kú. Omi wá ń mọ́ sí i lójoojúmọ́, ó mọ́ kọjá ohun tó yẹ kí omi fi mọ́. Abọ́ kọjá kókó ogún, ó kọjá ọgbọ̀n, okùn tán, abọ́ jókòó sórí iyanrìn nísàlẹ̀, a ṣì ń wò ó bí èyí tó wà lórí tábìlì. Ẹja kankan ò kọjá níwájú rẹ̀. Àwọn ẹyẹ tó máa ń ṣu sórí afárá wa kò wá mọ́. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ létí omi, ohùn rẹ̀ á padà wá bá a lẹ́yìn díẹ̀, bíi pé ẹnì kan kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó dá a padà. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Ọ̀gá ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó ní irú ọdún báyìí ò tíì wáyé rí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Màmá wọlé tọ̀ mí wá. Ó na ìwé sí mi. Ìlà Ọjọ́bọ̀ kò gùn rárá. Ooru, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Afẹ́fẹ́, kò sí. Òjò, kò sí. Kókó, okùn tán. Mẹ́jọ lọ, méje bọ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àlejò mẹ́fà ló máa lọ lọ́la, pẹ̀lú atukọ̀, pẹ̀lú Ẹja. Mẹ́jọ géérégé.

"Ọmọ mi ló máa ń gbẹ̀yìn jáde nínú omi," Màmá ní. "Kì í jáde àfi tí gbogbo wọn bá ti jáde."

Ó lọ bá ọ̀gá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n wọlé. Ọ̀gá yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà tí Màmá fúnra rẹ̀ kọ sáwọn àlejò sí i létí. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, Màmá. Ẹ ní òkun á dákẹ́, ẹ ní oòrùn á ràn. Èèyàn mẹ́fà wọ bàálù torí ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ọjọ́ tó dáa jù láti ọdún yìí ni kí n wá ní kí wọ́n jókòó sílé, torí kí ni?"

Màmá dìde, ó kí i, ó jáde.

Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń sá àwọn aṣọ òmùwẹ̀. Ẹja fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, omi rin ín. "Mọ́mì, ojú oorun lẹ ti ń kọ̀wé. Ẹ lọ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan."

"Má lọ lọ́la. Nítorí èmi."

"Ta ló máa mú wọn lọ? Ṣé kí wọ́n dá wọ ìsàlẹ̀ òkun ni?"

"Kí gbogbo wọn má lọ. Ìyá bí àwọn náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹnu ko iwájú orí ìyá rẹ̀, ó padà sídìí aṣọ. Mo fẹ́ gbá a létí. Ó dà bíi pé àlá kan ni wọ́n rọ́ fún un.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Màmá tún wá, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Mo máa bá wọn lọ. A á di mẹ́sàn-án. Tí iye tó lọ bá ti yàtọ̀, ìlà yẹn ti bàjẹ́ láti ìdí."

Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọ ẹ̀wù ìléfòó tó fi sanra ní ìlọ́po méjì, ó dì mọ́ ọwọ́ atukọ̀, ó sì wọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ẹja ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Nítorí pé Màmá fúnra rẹ̀ ń lọ, èmi ló gbé iṣẹ́ kíkà lé lọ́wọ́. Mo fọwọ́ kan èjìká wọn, mo kà á dé mẹ́sàn-án. Ọkàn mi balẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tú okùn ọkọ̀, obìnrin kan nínú àwọn àlejò fi ọwọ́ bo etí. Ó ní etí náà ti ń ro òun látàárọ̀. Ẹni tí etí ń ro kì í wọ ìsàlẹ̀ omi, òfin ibi gbogbo ni. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ẹnu mi sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Mẹ́jọ."

Màmá ti fẹ́ dìde kó sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e. Mo rí i. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀gá yọ lẹ́yìn mi lórí afárá, pẹ̀lú ṣòkòtò ìwẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀gá tí kò bá ọkọ̀ lọ láti ọdún méjì. Ó ní, "Ṣé àyè ẹnì kan ti ṣófo ni?" Màmá wò ó, ó wò mí, ó sì rọra padà jókòó sí àyè náà, ọ̀gá wá yí padà. Bó bá sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn á wọlé. Ìlà náà ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún iye rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ lọ, omi tó gbà kọjá sì padé lẹ́yìn rẹ̀ láìsí ìgbì kan.

Ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú omi. Ó ní nígbà tí àwọn márùn-ún àti Ẹja wọ ìsàlẹ̀, òun bẹ̀rẹ̀ láti wò wọ́n. Omi mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ń rí ìka ẹsẹ̀ wọn. Ó ka òjìji wọn lórí iyanrìn, wọ́n jẹ́ méje. Ó tún un kà, méje. Atukọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì. Afẹ́fẹ́ ń hó lórí gbogbo wọn nísàlẹ̀, àfi lórí ẹnì kan tó ń tẹ̀lé Ẹja gẹ́gẹ́ bí ọmọ kékeré ṣe ń tẹ̀ lé ìyá. Nígbà tí wọ́n gòkè, mẹ́fà ló gòkè. Ẹnì keje dúró sórí iyanrìn, ó gbójú sókè sí ọkọ̀, ó ń na ìka kan sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ní, "Ó ń kà wá."

Èmi tí mo wà létí omi, orí ni mò ń wá. Mo rí ọkọ̀ lókèèrè, mo ka orí, mẹ́jọ! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí afárá bí ọmọdé. Mo rò pé ìwé ti purọ́.

Bí ọkọ̀ ṣe kan afárá, Ẹja ní, "Mọ́mì, ẹ máa sọ̀kalẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì àlejò kan ti bọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sáré padà lọ mú un, kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Màmá ti sọ̀kalẹ̀ ní tirẹ̀, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kọ́kọ́ gòkè, kí n kà yín. O mọ̀ pé bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ohùn rẹ̀ tutù.

Ó to gbogbo wọn sórí afárá. Ó fọwọ́ kan èjìká atukọ̀, ó ní, "Ọ̀kan." Ó kan àlejò márààrún, ó ń kà á sókè. Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí èjìká ọmọ yẹn. Ó ní, "Méje."

Ó gbé bírò.

"Màmá," mo ní, "ẹ ò ka ara yín."

"Ẹni tó ń kà kì í ka ara ẹ̀."

"Àmọ́ ẹ bá wọn lọ. Èmi ni mo kà yín jáde níbí."

Ó wò mí. Mi ò tíì rí ojú tó rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lára ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù sì bà mí ju gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ. Ó ní, "Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹnì kan ṣáà máa ṣẹ́kù." Ó fi àmì sí ìdí ìlà náà, àmì tó máa ń fi sí i tí ọjọ́ bá ti parí, ó sì pa ìwé dé.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ lójijì. Omi ru. Ìgbì kan lu òpó afárá, àwọn ẹyẹ tó ti lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta padà dé, ẹja kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lójú omi. Ọwọ́ Màmá ṣì wà ní èjìká ọmọ rẹ̀. Ẹja yí ojú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo inú ọkọ̀.

"Mọ́mì dà?"

Ìyá rẹ̀ ní, "Èmi rèé." Mo gbọ́ ọ ketekete.

"Atukọ̀, Mọ́mì dà? Wọn ò bá wa dé ni? Àǹtí, ẹ rí wọn?" Ojú rẹ̀ kọjá lórí ìyá rẹ̀ bí ojú ṣe ń kọjá lórí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Atukọ̀ ti kọ igbe. Ọ̀gá sáré wá, òun náà ń wo inú omi. Mo tọ́ka. Mo ní, "Wọ́n rèé, wọ́n dúró tì ọ́." Gbogbo wọn wò mí, wọ́n sì rọra gbé ojú kúrò, bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tí ọ̀fọ̀ bá lójijì. Àfi èmi nìkan. Mo rò pé nítorí pé ọwọ́ mi ló kà á jáde ni.

Wọ́n wá a fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ti dáwọ́ dúró. Ẹja ò dáwọ́ dúró. Láràárọ̀ á wá gba sílíńdà méjì lọ́wọ́ mi, á tukọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti wọ omi lọ́jọ́ náà, á máa wá ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti bú u. Mo ti ní kò sí afẹ́fẹ́, ó ní òun á lọ rà á níbòmíràn.

Màmá sì wà nínú ilé ẹ̀rọ mi. Orí àga onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí. Kì í jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wọlé, á dìde, á sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó dùn mí débi pé mi ò lè wò wọ́n.

Láàárọ̀ òní, ó ní, "Sọ fún un pé atẹ́gùn máa yí ní ọ̀sán. Kó gòkè kí aago méjìlá tó lù."

Mo sọ fún Ẹja. Mo ní, "Atẹ́gùn máa yí ní ọ̀sán. Gòkè kí aago méjìlá tó lù."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, sílíńdà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa ń sọ̀rọ̀ bíi Mọ́mì mi nígbà míràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní.

"Mo máa rí wọn," ó ní. "Tí mo bá rí wọn, mo máa sinmi." Ó fẹ̀gbẹ́ yà láti jáde, bí ẹni tó yẹ̀ fún èèyàn lẹ́nu ọ̀nà tóóró, ìyá rẹ̀ sì dúró níbẹ̀, ó na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀. Ó ti lọ kí ọwọ́ náà tó kàn án.